Ẹ̀rọ BP nínú yàrá olùkọ́: àgbéyẹ̀wò ohun tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa rà ní Ìlọrin

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ yìí ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilé-ìwé girama tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin yọ owó díẹ̀ nínú èrè tí a jẹ lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n sì fi ra ẹ̀rọ kékeré kan tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí ẹ̀rọ BP, sí yàrá olùkọ́. Kì í ṣe olùkọ́ nìkan ni wọ́n rà á fún. Akọ̀wé, àwọn tí ń gbálẹ̀, ìyá olóúnjẹ àti àwọn bàbá tí ń ṣọ́ ẹnubodè, gbogbo wọn ni wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí i. Láti ìgbà náà ni àwọn ojúgbà wa ní Tanke, ní Gáà-Àkàǹbí àti títí dé Ọ̀fà ti ń béèrè bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó ohun tí ẹgbẹ́ ń náwó lé, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí mo rí nínú rẹ̀. Èrò tèmi ni pé owó náà kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò ju ìdajì ọ̀rọ̀ lọ; ìdajì kejì wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá fi ṣe alábòójútó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru kan ilé-ìwé ju bí àwọn kan ti rò lọ. Olùkọ́ a máa dúró láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, a máa fi ohùn ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì tí ọmọ kún fọ́fọ́, a máa jẹ búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò lórí ìdúró nígbà ìsinmi, a sì tún máa ru ìwé àwọn ọmọ lọ sílé láti mákì lálẹ́. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2022 ti sún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ láti ẹni 60 ọdún sí ẹni 65, níbikíbi tí ìjọba bá ti ń tẹ̀ lé e, nítorí náà àwọn àgbà yóò máa pọ̀ sí i ni nínú yàrá olùkọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní láàrin àwọn ẹni 30 ọdún sí 79, ó lé ní bílíọ̀nù kan ènìyàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn káàkiri ayé, àti pé nǹkan bí ìdajì wọn ni kò mọ̀ rárá. Àwa gan-an tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ọjọ́ orí yẹn ń bá wí. Èyí tí ó sì burú jù níbẹ̀ ni pé àìsàn náà kì í sábà fi àmì hàn. Ẹni tí ti rẹ̀ ga lè máa jẹ, kí ó máa mu, kí orí má fọ́ ọ rí, títí tí rọpárọsẹ̀ tàbí àìsàn kíndìnrín yóò fi ṣẹlẹ̀ sí i.

Ẹ̀rọ tí a rà jẹ́ irú èyí tí a ń wé mọ́ apá òkè, láàrin èjìká àti ìgbọ̀nwọ́. A mọ̀ọ́mọ̀ fi irú kékeré tí a ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ sílẹ̀, nítorí pé bí ọwọ́ kò bá wà ní ọ̀gangan ibi tí ọkàn wà, iye tí ó máa kà kò ní tọ̀nà, ó sì ṣòro kí gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-ìwé máa rántí bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó owó àpò ìrẹsì kan. Ojú rẹ̀ fẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì tóbi débi pé àwọn tí ń lo awò ń kà á láì tíì wá awò wọn rí. Nọ́ńbà mẹ́ta ni ó ń gbé jáde: ti òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan nígbà tí ọkàn bá súnkì, ti àárín ni agbára náà nígbà tí ọkàn bá sinmi, ti ìsàlẹ̀ sì ni iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan.

Àwọn àgbà kan láàrin wa kò kọ́kọ́ fọkàn tán an. Wọ́n ní èyí tí ó ní mẹ́kúrì nínú, tí nọ́ọ̀sì ń ki nǹkan bọ etí kí ó tó lè kà á, ni ògidì. N kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí pé ọjọ́ irinṣẹ́ yẹn ti pẹ́: Scipione Riva-Rocci, ará Ítálì, ni ó gbé e jáde ní 1896, Nikolai Korotkov, ará Rọ́ṣíà, sì fi ọ̀nà tí a fi ń gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ kún un ní 1905. Ṣùgbọ́n májèlé ni mẹ́kúrì, àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 2013 sì fi 2020 ṣe òpin ṣíṣe irinṣẹ́ tí ó ní i nínú. Ẹ̀rọ tiwa kì í gbọ́ ìró kankan. Bí iṣan ṣe ń mì nígbà tí aṣọ tí a wé mọ́ apá bá fún un ni ó ń kà. Ohun tí ó pa awuyewuye náà ni pé Alhaja tí ń bójú tó ẹ̀rọ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ wa, wọ́n fi tiwọn àti tiwa wọn ẹnì kan náà tẹ̀léra, iye méjèèjì kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ilé-ìwé yòówù tí ó bá ra irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe é lọ́dọọdún.

Àléébù tí ó kọ́kọ́ fojú hàn ni pé ẹ̀rọ náà ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti wọn ènìyàn tán, ohùn obìnrin kan yóò ka nọ́ńbà rẹ̀ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, ketekete, débi pé ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà yóò gbọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀ nínú ilé, pàápàá fún àwọn tí ojú ń dùn. Nínú yàrá tí àwọn olùkọ́ jókòó sí tí wọ́n ń mákì ìwé, ìkéde ni. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lò ó, kí agogo ìsinmi tó lù, iye tí ẹ̀rọ kà fún igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ti dé ọ̀dọ̀ ìyá olóúnjẹ. Bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi ń pa ohùn náà, ṣùgbọ́n ìwé ìlànà tí ó wà nínú páálí kò là á yé ènìyàn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ni ó wá a rí. Ẹ pa á kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ náà dé iwájú ẹnikẹ́ni.

Àléébù kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Aṣọ tí ó bá ẹ̀rọ wá jẹ́ fún apá tí àyíká rẹ̀ wà láàrin 22 sí 32 sẹ̀ǹtímítà, bẹ́ẹ̀ àwọn tí apá wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ kò kéré láàrin wa. Bí aṣọ bá kéré sí apá, ẹ̀rọ yóò kà ju bí ó ti yẹ lọ. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2023 fi hàn pé bí wọ́n bá lo aṣọ tí ó wọ́pọ̀ fún ẹni tí ó yẹ kí ó lo èyí tí ó tóbi jù lọ, ó lè fi nǹkan bí 20 kún nọ́ńbà òkè. Ìyàtọ̀ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó láti sọ ẹni tí ara rẹ̀ le di aláìsàn lórí ìwé. Ìyá kan tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ rí 158 lójú ẹ̀rọ, oúnjẹ ọ̀sán kò sì wọlé fún un mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a rí aṣọ tí ó bá apá rẹ̀ mu, tí ó jókòó jẹ́ẹ́ kí a tó tún un wọ̀n, 134 ni.

Ilé ìtajà tí a ti ra ẹ̀rọ náà sọ fún akápò wa pé aṣọ kan ṣoṣo yẹn bá gbogbo ènìyàn mu. Nígbà tí a padà lọ bá wọn, wọ́n ní àwọn kì í ta aṣọ lọ́tọ̀, àfi kí a ra odindi ẹ̀rọ mìíràn, wọ́n sì fi hàn wá pé ìwé ìdánilójú ọlọ́dún kan tí wọ́n kọ fún wa kò mẹ́nu kan aṣọ. Òótọ́ ni, kò mẹ́nu kàn án. Ibòmíràn ni a ti rí èyí tí ó tóbi, ti 32 sí 42 sẹ̀ǹtímítà, a sì ní láti gbé ẹ̀rọ náà dání lọ kí a lè rí i pé ẹnu rọ́bà rẹ̀ wọ ihò ara ẹ̀rọ dáadáa.

Àwọn ohun kéékèèké kan tún wà. Ènìyàn méjì péré ni ẹ̀rọ náà lè tọ́jú iye tí ó kà fún, ó hàn gbangba pé tọkọtaya ni àwọn tí ó ṣe é ní lọ́kàn. Bátìrì mẹ́rin ni ó ń lò, èyí tí kò lówó lórí kì í sì í pẹ́ kú, ṣùgbọ́n ó ní ihò tí a lè ki wáyà fóònù bọ̀. Kò sì fẹ́ ooru tí ó bá ju 40 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà kí ẹ má ṣe gbé e sí ojú fèrèsé nínú oṣù kẹta, nígbà tí páànù òrùlé ń jó ènìyàn lórí ní Ìlọrin.

Ní ti bí a ṣe ń lò ó, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé orí bá wa ṣe é. Alhaja tí ń kọ́ báyọ́lọ́jì ni ẹgbẹ́ fi ẹ̀rọ náà sí lọ́wọ́, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni máa fi ṣeré. Ó gbé tábìlì kan àti àga tí ó ní ẹ̀yìn sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ìwé, ó sì ní òwúrọ̀ kí agogo tó lù ni òun yóò máa wọn ènìyàn. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kíláàsì JSS 2 jáde, tí ohùn rẹ̀ ti há, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá jẹ obì, tí ó mu tíì tàbí kọfí, tàbí tí ó fa sìgá láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí àkókò náà, yóò padà wá lọ́la. Èyí kò tẹ́ àwọn bàbá kan lọ́rùn, nítorí pé obì ni wọ́n fi ń la ojú láàárọ̀. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti lọ tọ̀, yóò jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìṣe nǹkan kan, kò ní tẹ fóònù, kò sì ní sọ̀rọ̀.

"Ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, mà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lórí ara wọn. Ẹ fa apá aṣọ yín sókè, ẹ gbé ọwọ́ lé tábìlì. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ láti bá mi sọ, ẹ jẹ́ kí ó parí ná."

Bí ó ti máa ń wí nìyẹn, ìbáà jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ni ó jókòó níwájú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń pe èyí ní àṣejù, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí kò ní ìdí. Ọ̀rọ̀ sísọ, ìtọ̀ tí ó kún inú, ọwọ́ tí a kò gbé lé nǹkan, ẹsẹ̀ tí a gbé lé ara wọn àti aṣọ tí a wé lé orí ẹ̀wù, olúkúlùkù wọn lè mú kí nọ́ńbà lọ sókè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń wọn ènìyàn, pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan láàrin, a sì gba ìdajì àròpọ̀ méjèèjì. Bí ó bá tó 140 lókè tàbí 90 láàárín, kò ní sọ fún ènìyàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú un. Yóò ní kí ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn, bí ó bá sì tún rí bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ló kù. Bí ó bá kọjá 180 tàbí 120, tí àyà ń dun ẹni náà, tí ojú rẹ̀ ń ṣú tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, a kì í dúró de ọjọ́ mìíràn; mọ́tò ni a ń wá.

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ẹnubodè ni ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ ṣe lóore. Ti rẹ̀ lé ní 170 lẹ́ẹ̀mejì, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

"Alhaja, orí kò mà fọ́ mi o."

"Bàbá, ẹ̀rọ kò bi yín léèrè orí fífọ́. Ẹ dákun, ẹ lọ rí dókítà."

Ó lọ, wọ́n sì kọ oògùn fún un. Ibẹ̀ ni ìṣòro tí ẹ̀rọ kò lè yanjú ti dé, nítorí pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan, owó oṣù ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè kò sì tó nǹkan. Ẹgbẹ́ wa fi orúkọ rẹ̀ sí ètò adójútòfò ìlera. Kì í ṣe àánú lásán ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Kwara níbí ni wọ́n ti ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, tí ó fi hàn pé láàrin àwọn ará ìgbèríko tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra, ìfúnpá àwọn tí ó wà ní agbègbè tí ètò adójútòfò ti ń ṣiṣẹ́ wá sílẹ̀ ju ti àwọn tí kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilé-ìwé bá fẹ́ ra ẹ̀rọ láì ronú sí ọ̀nà tí ẹni tí ó kéré jù lọ nínú òṣìṣẹ́ yóò gbà rí oògùn, ìbẹ̀rù lásán ni wọ́n ń rà fún un. Bàbá náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ Alhaja déédéé báyìí. Nígbà tí ààwẹ̀ Rámádánì sún mọ́lé, òun fúnra rẹ̀ ni ó padà lọ bi dókítà bí òun yóò ṣe pín oògùn sí sààrì àti ìṣínu, dípò kí ó kàn pa á tì fún oṣù kan bí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ àṣírí tún kù. Lẹ́yìn ìtìjú ọjọ́ àkọ́kọ́, Alhaja ṣe káàdì pélébé fún olúkúlùkù, ọwọ́ ẹni tí ó ni ín ni ó sì ń wà. Ọ̀gá ilé-ìwé, tí ó ní ọkàn rere, ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ti wọn ga fún òun kí òun lè dín iṣẹ́ wọn kù. Alhaja kò kọ ọ́. Ó sọ iye ènìyàn tí ọ̀rọ̀ kàn fún un, ó sì dákẹ́ orúkọ. Àwọn kan rí i bí àfojúdi, ṣùgbọ́n mo gbè é lẹ́yìn, nítorí pé òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 pàápàá ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn mọ́ àwọn tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù lọ, àti pé bí àwọn òṣìṣẹ́ bá mọ̀ pé orúkọ wọn yóò dé tábìlì ọ̀gá, kò ní sí ẹni tí yóò jókòó sórí àga yẹn mọ́. Níbi tí alábòójútó bá ti jẹ́ ẹni tí ń bẹ̀rù ọ̀gá, tàbí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró, ó sàn kí wọ́n má rà á.

Nípa oúnjẹ, ìyípadà díẹ̀ ni mo rí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí tíì kan, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn horo amọ́bẹ̀dùn tí a ń sè nínú gbogbo ọbẹ̀. Ìyá olóúnjẹ ti dín tiẹ̀ kù, àwọn kan sì ti ń ráhùn pé gbẹ̀gìrì rẹ̀ kò dùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò mọ nǹkan kan nípa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ojú, tàbí ohùn olùkọ́ tí ó ń há. Ẹni tí ó bá ń retí àyẹ̀wò ara pípé yóò ṣì lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn kan á ní àwọn ẹlẹ́gbẹ́ aláàánú a máa wá wọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún, ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru lágbàáyé, tàbí ní ọjọ́ olùkọ́, 5 oṣù kẹwàá, nítorí náà kí ni a ń ra ẹ̀rọ fún? Mo ti jókòó níbi irú ètò bẹ́ẹ̀ rí. Èrò máa ń tò sí abẹ́ igi, ìlù ń dún, ọ̀rọ̀ ń lọ, wọ́n ń wé aṣọ lé orí bùbá, kò sì sí ẹni tí yóò padà wá lọ́sẹ̀ kejì láti wò ó bóyá iye tí ó ga níjọ́sí ti wálẹ̀. Mi ò ní kí ẹ má gbà wọ́n o. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó wà nílé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé lásán ni ó mú bàbá ẹnubodè dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ kọ́kọ́ wá alábòójútó kí ẹ tó wá ilé ìtajà. Ẹ yọ owó aṣọ ńlá àti ti bátìrì sọ́tọ̀ nínú ohun tí ẹ bá dá. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ náà wà lára àwọn tí wọ́n ti dánwò tí àwọn oníṣègùn sì fọwọ́ sí, kí ẹ má sì gba "ó dára gan-an" ní ìdáhùn. Ẹ mú tẹ́èpù télọ̀ dání, kí ẹ sì mú ẹni tí apá rẹ̀ tóbi jù láàrin yín lọ. Kí wọ́n yọ aṣọ náà nínú páálí, kí wọ́n wé e mọ́ ọn lápá níwájú yín, kí ẹ tó ka owó fún wọn.